Ọmọ Odó Kejì

Ìyá Gideon já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e sókè.

“Dákẹ́! Mo ní kí o dákẹ́! Orin olórin lo tún ń kọ nínú ulé mi!”

Iṣu wà nínú odó, ìdajì ti fọ́, ìdajì ṣì le. Èéfín ń jáde lára rẹ̀. Àtinúkẹ́ kò sá. Ó wo ọmọ odó tó wà lókè orí rẹ̀, ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá, ẹ rọra. A kì í fi ọmọ odó na ènìyàn.”

“Ta ni ìwọ tí o fẹ́ kọ́ mi léèwọ̀? Olè! Olè orin! Ọmọ ọlọ́mọ kọ orin ní Èkó, gbogbo ayé ń gbọ́ ọ, ìwọ jókòó síbí, ò ń bà á jẹ́!”

“Màmá, èmi ni mo ni orin náà.”

Ìyá Gideon sọ ọmọ odó náà mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Ó bá etí odó. Etí odó là.

“Gideon ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó gidi! Níwájú ẹbí lo máa ti jẹ́wọ́. Níwájú ẹbí lo máa ti gbé ẹrù rẹ jáde!”

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pe ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí ènìyàn bá fi ìbínú pè kì í dá wá. Ó máa ń mú ohun tí a kò pè dání.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni méjì ló sábà máa ń gún iyán. Bí ọ̀kan bá gbé ọmọ odó sókè, èkejì á sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Gbì-gbì, gbì-gbì. Ẹni tó ń kọjá lójú títì á mọ̀ pé ilé náà ní ènìyàn. Nígbà tí Gideon ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Àtinúkẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ odó kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Gideon, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta lọkọ?” Á rẹ́rìn-ín, á sì máa gún un lọ.

Lẹ́yìn náà, ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ máa tẹ dùùrù fún àwọn olórin. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ó pẹ́. Ọmọ odó rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláǹtakùn sì takùn sí i lára.

Àtinúkẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé, á gún iyán fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà á jẹ ẹ́ tán, kò ní í sọ̀rọ̀. Ó gbà pé ìyàwó ló lé ọmọ òun kúrò nílé. “Ọkọ tí ara bá tù nílé kì í sá lọ Èkó,” ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i nìyẹn. Bí Àtinúkẹ́ bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á gbójú sókè, á máa wo òkè Olósùnta bí ẹni pé òkè ló kí òun.

Ènìyàn méjì ló ń gbé ilé náà, ohùn ẹnìkan ló wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í tètè gbàgbé. Bí Àtinúkẹ́ bá gún iyán lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á dúró díẹ̀, á máa retí ọmọ odó kejì. Kò ní í dé. Á tún gún un. Inú ìdúró yẹn ni orin ti wá bá a. Kò jókòó ronú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kàn ṣí lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ọ́:

Ọmọ odó méjì, ọ̀kan ń sùn.
Mo gún, mo dúró,
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Uyán ẹnìkan kì í kún odó.

Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, àlàfo á wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ odó kejì ti sọ̀.

Gideon wá sílé lọ́dún Àjíǹde. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ orin náà tán. Olórin ni, ó mọ ohun tí ó gbọ́. Ó rọra wọlé, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Àtinúkẹ́ mi, tún un kọ. Jẹ́ kí n gbà á sínú fóònù. Bí àárò rẹ bá ń sọ mí ní Èkó, màá máa gbọ́ ọ.”

“Àárò mi ń sọ ọ́?”

“Ṣé o rò pé òkúta ni mí ni? Gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Fẹnu lásán kọ ọ́.”

Inú obìnrin náà dùn. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó fẹnu lásán kọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Olè tó fọ́lé máa ń bẹ̀rù kí onílé má jí. Gideon ní kí onílé bá òun di ẹrù.

Ọ̀rẹ́bìnrin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó. Orúkọ tó fi ń kọrin ni Jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ dára, kò rí orin tó yẹ ẹ́. Gideon gbé fóònù fún un. Iyán tí Jẹ́jẹ́ mọ̀ ni ti inú ọ̀rá, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rò. Kò tíì dúró ti odó rí láyé rẹ̀. Ó tẹ́tí sí ohùn inú fóònù náà, orin sì máa ń yí ohùn ọ̀rọ̀ padà. Kò gbọ́ ọmọ odó. Ọmọ odò ló gbọ́. Kò gbọ́ mo gún, mo gùn ló gbọ́. Uyán, bí a ṣe ń pe iyán ní Ìkẹ́rẹ́, kò yé e, ó fi ayé sí i. Àwọn tó ń bá a ṣe orin náà fi ìró omi dí gbogbo àlàfo inú rẹ̀.

Orin náà jáde. Ó ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi sínú ọkọ̀. Àwọn opó ń gbọ́ ọ, wọ́n ń sunkún. Wọ́n bi Jẹ́jẹ́ lórí rédíò pé níbo ló ti rí irú orin báyìí.

“Ojú àlá ni,” ó ní. “Ìbejì ni wọ́n, ọmọ odò. Odò gbé ọ̀kan sùn. Èkejì gun ọkọ̀ ojú omi, ó ń wá a kiri. Odò náà ń bẹ níhà ìlú Gideon ọkọ mi, ní Ìgbàrà-Odò.”

Inú àwọn ará Ìgbàrà-Odò dùn. Gideon gbọ́ àṣìṣe náà. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó pa ẹnu mọ́, nítorí àṣìṣe náà ti bá a bo ẹsẹ̀ olè mọ́lẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni Àtinúkẹ́ wà, ó ń ti ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Ìsẹ̀ bọ̀, nígbà tó gbọ́ orin náà àti ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ. Awakọ̀ gbé rédíò sókè.

“Ẹ má bínú o, Àǹtí. Orin yìí ń pa mí lára. Ìbàdàn ni ìyàwó mi wà.”

Àtinúkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó délé, ó dúró sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó pe ọkọ rẹ̀.

“Gideon, orin mi nìyẹn.”

“Orin ta ni? Tìẹ, ọmọ odó ni. Tiwọn, ọmọ odò ni. Àmì ohùn ló yà wọ́n. Orin méjì ni. Ìwọ olùkọ́, ṣé o ò mọ àmì ohùn mọ́ ni?”

“Ta ni Jẹ́jẹ́ tó ń pè ọ́ lọ́kọ lórí rédíò?”

“Ìyàwó mi ni. Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Ọlọ́run ń gbọ́ ọ o.”

“Jẹ́ kó máa gbọ́. Gbogbo ayé náà ń gbọ́. Bó o bá yanu, màá sọ fún Màmá pé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́.”

Àtinúkẹ́ kò yanu sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gún iyán rẹ̀, ó ń kọ orin rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Gideon sọ fún ìyá rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀ pé olè orin ni.

Sátidé dé. Ìkùukùu dúdú sọ̀ lé orí òkè Olósùnta láti àárọ̀, òjò kò sì rọ̀. Adìyẹ kò jáde lábẹ́ àká. Àtinúkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ iṣu, ó gbé e kaná. Àlejò ń bọ̀, àlejò gbọ́dọ̀ jẹun. Irú obìnrin tó jẹ́ nìyẹn.

Ẹbí pé sí àgbàlá. Bàbá Akínpẹ̀lú, olórí ẹbí, jókòó sórí àga. Ọdúnayọ̀, àbúrò Gideon obìnrin, ti ti Ìbàdàn dé. Ó fẹ́ràn orin Jẹ́jẹ́ bí ẹ̀mí. Ọkọ̀ dé, Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú, Gideon ń gbá tẹ̀ lé e bí ẹni ń kó ẹrù ọba.

“Àwé, ẹ wo ìyàwó!” Ìyá Gideon ń yọ̀. “Ẹ wo awọ! Èyí kọ́ ló máa gún mi lójú bí ẹ̀gún!”

Bàbá Akínpẹ̀lú wúkọ́. “Ẹjọ́ la pe ara wa sí. Sọ tìrẹ.”

Ìyá Gideon nawọ́ sí Àtinúkẹ́. “Ìyàwó àgbà yìí ń jowú! Ó gbọ́ orin ìyàwó kékeré lórí rédíò, ó yí i sódì, ó ní òun ló ni ín! Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ti ń kọ ọ́ kiri. Olè tó ń jí nǹkan tí gbogbo ayé ti rí lọ́wọ́ olówó rẹ̀!”

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde. “Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe Àǹtí yìí. Èmi ni mo kọ orin náà. Bí kì í bá ṣe èmi, kí ohùn mi lọ!”

“Ọmọ,” Bàbá Akínpẹ̀lú ní, “má búra nínú ulé tí o kò tíì jẹun níbẹ̀.”

“Mo búra náà ni, Bàbá! Kí ohùn mi lọ!”

Bàbá Akínpẹ̀lú yíjú sí Àtinúkẹ́. “Ìwọ ń kọ́?”

“Bàbá, mi ò ní í búra. Ohun tí mo ní kò nílò ìbúra.”

“Ṣé o ní ẹlẹ́rìí?”

Àtinúkẹ́ wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ìyá náà gbójú kúrò.

“Mo ní ẹyọ kan, Bàbá. Kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ rí i! Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ!” Gideon rẹ́rìn-ín. “Ẹlẹ́rìí tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀! Àtinúkẹ́, àpò rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí lo tún ń dúró dè?”

“Ó máa lọ,” Ìyá Gideon ní. “Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, kí ó rí ohun tó ń jẹ́ ìyàwó. Ìyàwó tuntun ló ń gún uyán tí ẹbí ọkọ kọ́kọ́ ń jẹ. Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, dìde.”

Jẹ́jẹ́ wo èékánná rẹ̀ gígùn. Lẹ́yìn náà, ó rí fóònù lọ́wọ́ Ọdúnayọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àǹtí ọkọ mi, ẹ gbé mi sórí afẹ́fẹ́ báyìí! Kí àwọn olólùfẹ́ mi rí Jẹ́jẹ́ nídìí odó!”

“Wọ́n ti ń rí ọ o! Wọ́n ti ń pọ̀!” Ọdúnayọ̀ gbé fóònù sókè.

Ìgbéraga ló máa ń tan àtùpà fún ẹni tó fẹ́ kọsẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i.

Jẹ́jẹ́ dúró ti odó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Mọ́mì, igi dà?”

“Igi wo?”

“Igi tí wọ́n fi ń gún un.”

Àwọn obìnrin ẹbí rẹ́rìn-ín. “Yéè! Ọmọ odó ló ń pè ní igi! Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Ọmọ odò?” Jẹ́jẹ́ pàtẹ́wọ́, ó kọjú sí fóònù. “Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fẹ́ràn orin mi débi pé wọ́n fi sọ igi lórúkọ!”

Ẹ̀rín àwọn obìnrin dá. Gideon ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti gbé ọmọ odó kejì jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ìka méjì ká òwú aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sínú odó. Iṣu ṣì wà lórí iná.

Gbì!

“Háà! Odó òfìfo! Ó gún odó òfìfo! Èèwọ̀ ni!” Àwọn àgbà obìnrin dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan lára wọn ká aṣọ borí. Àrá sán lẹ́yìn òkè.

Ìyá Gideon kò pariwo. Ó ń wo ọmọ odó náà.

“Jẹ́jẹ́. Kí lo pe nǹkan ọwọ́ rẹ yẹn?”

“Ọmọ odò, Mọ́mì. Bí ẹ ṣe pè é.”

“Odó! Odó ni mo wí! Ohun tí o dúró tì yìí! Nínú orin rẹ, kí ni ọmọ odò ń ṣe?”

“Ìbejì ni wọ́n, Mọ́mì. Ọ̀kan sùn sínú omi.”

“Èkejì ń kọ́?”

“Ó gun ọkọ̀. Ó ń wá a.”

Obìnrin arúgbó náà jókòó sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: “Ọmọ odó méjì, ọ̀kan ń sùn…” Kí rédíò tó mọ orin náà, òun ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un. Ó mọ ilẹ̀kùn tí ọmọ odó náà ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ẹni tí kò dáhùn. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Kò fẹ́ mọ̀ ni.

“Àtinúkẹ́.”

Kò tíì fi orúkọ pè é láti ọjọ́ tí Gideon ti lọ.

“Màmá.”

“Da uṣu sódó. Gún un. Kọ orin rẹ.”

“Màmá, kí lẹ ń ṣe?” Gideon súnmọ́ ọn. “Ẹ jẹ́ kó máa lọ!”

“Pa ẹnu rẹ mọ́!”

Àtinúkẹ́ da iṣu sódó. Ó mú ọmọ odó tirẹ̀. Gbì. Ó kọ ìlà kìíní, ó gbé ọmọ odó dúró. Àlàfo. Gbì. Ìlà kejì. Àlàfo. Kò sí ìró omi níbẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo àgbàlá gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Bàbá Akínpẹ̀lú, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fi ọwọ́ bo ojú.

Jẹ́jẹ́ bọ́ dígí kúrò lójú. Ó ń fà sẹ́yìn, ọmọ odó kejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

“Gideon! Ohùn yìí! Ohùn inú fóònù nìyí!”

“Dákẹ́, Jẹ́jẹ́!”

“O ní ó ti kú! O ní obìnrin kan ní abúlé yín ni, pé ó ti kú, kò sì lẹ́nìkan! O ní orin òkú ni, òkú ò lè bi wá léèrè!”

Orin dá. Ọmọ odó dúró lókè.

“Gideon,” Àtinúkẹ́ ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga, “èmi lo pè ní òkú?”

“Ó ń parọ́! Ẹ má dá a lóhùn!”

“O pe ìyàwó rẹ ní òkú?” Ìyá Gideon ti dìde. “Ẹni tó ń gún uyán tí mò ń jẹ? Ọwọ́ òkú ni mo ti ń jẹun? O tàn mí, mo gbé ọmọ odó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí nítorí rẹ!”

Bàbá Akínpẹ̀lú kọjú sí Jẹ́jẹ́. “Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ búra pé ìwọ lo kọ ọ́?”

Jẹ́jẹ́ yanu. Nǹkan kan kò jáde. Ó tún yanu. Èémí lásán ló jáde. Ó fi ọwọ́ mú ọ̀fun rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn kan ní ìbúra ló mú un, àwọn kan ní ẹ̀rù ni. Èyí tó wù kó jẹ́, òun ló fẹnu ara rẹ̀ pè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Ọdúnayọ̀ ní, fóònù ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, “gbogbo ayé ló ń wò yín o.”

Gideon rí fóònù náà. Ojú rẹ̀ yí. Ó já ọmọ odó kejì gbà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, ó gbé e sókè lé Àtinúkẹ́ lórí.

“Ìwọ lo bà mí láyé jẹ́!”

Àtinúkẹ́ kò sá. Kò sá lákọ̀ọ́kọ́, kò sá níkẹyìn.

“Gideon!” Bàbá Akínpẹ̀lú lu ilẹ̀. “Bó o bá sọ ọ́ kalẹ̀, o kì í ṣe ọmọ ulé yìí mọ́ láéláé!”

Ìyá rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọmọ odó náà mú, ó gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Gideon jẹ́ kó lọ.

Ìyá náà kò sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e lọ sí ìdí odó, ó dúró níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Tún un bẹ̀rẹ̀.”

Àtinúkẹ́ gún un. Gbì. Níbi àlàfo, obìnrin arúgbó náà sọ ọmọ odó tirẹ̀ kalẹ̀. Gbì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Gbì-gbì. Gbì-gbì. Wọ́n gún iyán náà tán. Òjò rọ̀.

Jẹ́jẹ́ kò jẹ níbẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Gideon lójú. Gideon fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ nínú òjò, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kó tó dé. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń fọwọ́ lu ara wọn, wọ́n ń kọ ọ́: “Mo gún, mo dúró!” Kò sí olórin tó gbà á mọ́ ní Èkó. Àwọn rédíò gbé orin Jẹ́jẹ́ kúrò. Ohùn rẹ̀ padà, a gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pè é kọrin.

Wọ́n wá bá Àtinúkẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ láti gba orin náà sílẹ̀. Wọ́n gbé ìlù wá, ó ní kí wọ́n dá a padà. Ọmọ odó méjì ló fi ṣe é, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Orin yẹn rìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ní Ìgbàrà-Odò ń kọ ọmọ odò. Wọn ò gbà.

Ìyá Gideon kò tọrọ àforíjì lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Sátidé náà, Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa?”

Odó náà ṣì wà ní àgbàlá. Etí rẹ̀ là. Ọmọ odó méjì ló wà nínú rẹ̀.